Kí ló dé tí gbogbo obìnrin inú ère òrìṣà fi kúnlẹ̀, bàbá ọmọ wá dà?

Ìyá kan tó ń gbé ní London ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo ti gé e kúrú. Ó ní òun mú ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n dé ibi tí wọ́n kó àwọn ère Yorùbá sí, lọmọ bá ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí gbogbo obìnrin ibí yìí fi kúnlẹ̀, ọmú wà níta, ọmọ wà lẹ́yìn, bàbá ọmọ wá dà?" Ìyá ò rí nǹkan kan sọ. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń lọ, ọmọ wá tún fi kún un pé Màríà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, ó bora látorí dé ẹsẹ̀. Ni ìyá bá ní kí n sọ òótọ́ fún òun, èwo nínú méjèèjì ló fọ̀wọ̀ wọ obìnrin, àti pé ṣé ó burú tí òun bá ra irú ère bẹ́ẹ̀ sí pálọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, mà. Ojú ọmọ yín là, nǹkan tó tọ́ka sí yẹn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ṣì ń jà lé e lórí. Ìdáhùn mi máa gùn díẹ̀, ẹ ṣáà fara balẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń bí àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí nínú jù. Ẹni tó bá kàn wò ó fìrí á ní ọkọ ló kúnlẹ̀ fún. Ẹ tún un wò, ṣé ẹ rí ọkọ kankan níbẹ̀? Mo fura pé oṣé Ṣàngó lẹ rí, torí ó pọ̀ gan-an ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù òyìnbó. Igi kékeré kan ni, ọwọ́ kan tó o dì mú, obìnrin kan kúnlẹ̀ sórí ọ̀pá ọwọ́ náà, irun orí ẹ̀ àgògo ni, bèbè wà nídìí, ó wá ru ẹdùn àrá méjì sórí. Ẹ wojú ẹ̀ dáadáa. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn tutù báyìí ni. Nǹkan tí Ṣàngó fi ń jó ilé olè àti onírọ́ ló wà lórí ẹ̀ yẹn o, kò sì mira. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lò pẹ́, ẹ máa rí i pé imú àti ètè ẹ̀ ti fẹ́ parẹ́ tán, ara ẹ̀ ń dán, ọwọ́ àwọn tó ń gbé e jó láti ọdún gbọọrọ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ọkùnrin lẹni tó ń gbé e jó yẹn. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ẹni tí òrìṣà ń gùn, á dirun bí obìnrin, ọkùnrin tó nírùngbọ̀n o, á de ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn, á wọ aṣọ tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ tó bá ń jó. Ìyàwó òrìṣà ni wọ́n sì ń pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ inú ìsìn òrìṣà, wọn ò wo bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé e dé Brazil àti Cuba, ní Bahia títí dòní iaô ni wọ́n ń pe ẹni tuntun, bàbá arúgbó ì báà jẹ́. Torí náà nígbà tí agbẹ́gilére ń wá ẹni tó máa fi ṣe àpẹẹrẹ èèyàn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú òrìṣà, obìnrin ló mú, ọkùnrin ló wá ń fara wé obìnrin. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ yín kọ́kọ́ gbọ́ kó tó bínú. (Àwọn kan á ní ọkùnrin náà ń dọ̀bálẹ̀ fún òrìṣà, kí ló dé tí wọn ò gbẹ́ ìyẹn. Ẹ gbé igi tó dúró gbọnrangandan, kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sí i, ẹ máa rí ìdáhùn.)

Ìkúnlẹ̀ mìíràn tún wà nínú ìkúnlẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ìyá lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Láyé àtijọ́ orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń rọbí, òun ni wọ́n fi ń bẹ èèyàn lónìí pé mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ọ́, ẹni tí wọ́n bá fi ìyẹn bẹ̀ tí kò gbọ́, àwọn àgbà á ní ó ti rí ogun. Ẹni tó ń wo ère yẹn ní ojúbọ láyé ìgbà yẹn, ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ìrọbí jọ ń wá sí i lọ́kàn pa pọ̀ ni. Ìtẹríba wà níbẹ̀ lóòótọ́, agbára wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmú wá ńkọ́? Ibí yìí ni nǹkan ti dùn. Ẹ wo ère abiyamọ èyíkéyìí, ọmọ wà lẹ́yìn, ó lè tún jẹ́ pé òmíràn wà níwájú tó ń mu ọmú, àmọ́ ọmú yẹn dúró ṣánṣán, ọmú ọmọge tí ò tíì wọlé ọkọ. Irọ́ ni o, gbogbo ẹni tó ti fún ọmọ mẹ́ta lọ́mú rí mọ̀ pé irọ́ ni. Agbẹ́gilére náà mọ̀, abiyamọ ló kún ilé tó ti ń jẹun. Kì í gbẹ́ èèyàn bó ṣe rí lójoojúmọ́, ó ń gbẹ́ ẹ bó ṣe yẹ kó rí nígbà tí ara le jù lọ. Ẹ lọ wo ère ìbejì, ọmọ jòjòló tó kú ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, síbẹ̀ géńdé ni, ó lọ́mú, ó nílà lójú, irun orí ẹ̀ pé. Ìjòyè tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ náà, tí wọ́n bá fi gbẹ́ òpó, ọ̀dọ́mọkùnrin ló máa jáde.

Ti pé ọmú wà níta yẹn, ìhòòhò kọ́ ló ń jẹ́ lójú àwọn tó ni ère. Ọmú ìyá ní agbára tó ju ti ẹwà lọ. Ìyá tí inú bá bí dé góńgó, tó fọwọ́ di ọmú mú tó ní tó bá jẹ́ ọmú yìí lo mu, gbogbo ẹbí ló máa sáré wá bẹ̀ ẹ́ kó má parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ máa rí ère kan tí obìnrin fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmú sókè, òyìnbó tó kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀ lè kọ pé ère ìbímọ, kó parí síbẹ̀. Ìkíni ni, ẹ̀bẹ̀ ni, ó sì lè di èpè. Àwọn Ògbóni tó jẹ́ pé àgbààgbà ìlú ni wọ́n, tí ọkùnrin pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ, ọmọ ìyá ni wọ́n ń pera wọn, ọmú ìyá kan náà ni wọ́n ní àwọn jọ mu, edan, ère idẹ kékeré tí wọ́n ń lò, sì jẹ́ akọ àti abo tí wọ́n fi ṣéènì so pọ̀ lórí, ọ̀kan ò dá ṣiṣẹ́.

Ó yá, Màríà. Ẹ má rò pé àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti bora o. Láti nǹkan bí 1300 lọ, àwọn ayàwòrán Ítálì ń yà á pẹ̀lú ọmú kan níta tí Jésù ń mu, ó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó pariwo, ọmú yẹn ló ń sọ fún ará ìjọ pé Jésù di èèyàn lóòótọ́, ebi ń pa á. Ìgbà tó yá ó wá yàtọ̀. Ní nǹkan bí 1452, Jean Fouquet ya Màríà kan fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Melun nílẹ̀ Faransé, ó wà ní Antwerp báyìí. Ara obìnrin yẹn funfun bí ẹfun, ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín, ọmú kan wà níta ribiti bíi bọ́ọ̀lù, Jésù tó wà lórí itan ẹ̀ ò tiẹ̀ wo ọmú náà, ibòmíràn lọmọ ń nàka sí, àwọn áńgẹ́lì pupa àti búlúù dúró yí wọn ká. Ìtàn kan tó ti pẹ́ tí wọ́n ṣì ń sọ títí di òní ni pé ojú Agnès Sorel ni, àlè ọba Charles VII, tó kú ní 1450. Ìyá Ọlọ́run, ojú àlè ọba! Ẹ wá rí i pé ọmú yẹn ti kúrò ní oúnjẹ ọmọ, ó ti di nǹkan tí ọkùnrin ń wò.

Ní ìlú Florence tí wọ́n ti ń yà Màríà tó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́tùn-ún lósì, àwọn ìyá olówó ibẹ̀ kì í fúnra wọn fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n á gbé ọmọ jòjòló lọ fún obìnrin abúlé tí wọ́n ń sanwó fún, bàbá ọmọ ló sì sábà máa ń bá ọkọ obìnrin yẹn dúnàádúrà, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ni ọmú. Àwòrán ń wàásù lórí ògiri, ọkùnrin méjì ń ṣàdéhùn lórí ọmú nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní Trent pàṣẹ ní 1563 pé kí àwòrán mímọ́ má ní nǹkan tó máa ru ara sókè nínú mọ́. Wọn ò dárúkọ ọmú Màríà, àmọ́ àwọn ayàwòrán gbọ́ èdè, díẹ̀díẹ̀ ọmú wọlé, aṣọ gùn sí i. Èyí tó wà ní ọgbà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà nílé lónìí, èyí tó wọ aṣọ funfun tó fi ọ̀já búlúù dì í nínú, Màríà ti Lourdes nìyẹn, látorí ohun tí ọmọbìnrin kan ní òun rí nílẹ̀ Faransé ní 1858 ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ẹ wò ó dáadáa tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì: kò sí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ rárá. Àtẹ́lẹwọ́ ló pa pọ̀ tó ń gbàdúrà.

Ibi tí mo fẹ́ já sí nìyí, mà. Obìnrin tí ò ṣeé ṣe ni méjèèjì. Ti Àgùdà ní kó jẹ́ wúńdíá kó sì jẹ́ ìyá, ti wa náà ní kó ní ọmú ọmọge kó sì pọn ọmọ. Ọkùnrin ló ya ti ibẹ̀ lọ́pọ̀ jù, ọkùnrin ló gbẹ́ ti ibí, torí igi gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ìkòkò mímọ ni tiwọn. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ obìnrin tó ti bímọ tí ọmọ bíbí ò sì fọwọ́ kàn án lára. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé àṣà tiwa gbé obìnrin ga, ti òyìnbó ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ rọra gbọ́ ọ, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó sì dùn mí jù nínú ti wa ni àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ojúbọ Ọ̀ṣun, ojúbọ Yemọja, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ jù ni ẹni tó ń wá ọmọ, ọ̀pọ̀ ère yẹn, ẹ̀jẹ́ ni wọ́n fi san, obìnrin rí ọmọ, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ère láti fi dúpẹ́. Ère abiyamọ wá pọ̀ jaburata, ẹni tí ò rí bí ò ní ère kankan. Efúnṣetán Aníwúrà jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn, ó lówó, ó lẹ́rú, ó ń kó ohun ìjà fún àwọn jagunjagun, wọ́n pa á ní 1874. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo nǹkan tó gbélé ayé ṣe, ibi ọmọ yẹn làwọn èèyàn ṣì máa ń fà á sí. Kò sí àyè fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú ère tí wọ́n gbé síwájú òrìṣà, bó ti wù kó bọ òrìṣà tó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n ṣẹ̀tọ́, ibì kan wà tí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un, ìyẹn Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí wọ́n ń gbé ère igi sórí jó. Apá Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ló ti gbilẹ̀ jù, àwọn Ẹ̀gbádò àti ará Tógò náà ń ṣe é, UNESCO kéde ẹ̀ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ọkùnrin ló ń gbé e, á so ọmú igi mọ́ àyà, á di ìdí ràbàtà, á máa jó láti fi bẹ àwọn ìyá wa, àwọn tí a kì í dárúkọ wọn lóru. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti òru, ní àwọn ìlú kan, wọ́n á pa gbogbo iná, Ìyá Ńlá á wá jáde pẹ̀lú aṣọ funfun tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹ sì wò ó, irùngbọ̀n wà lágbọ̀n ẹ̀! Ìyá tó nírùngbọ̀n. Ó ti kúrò ní ìdí ọmọ bíbí, ó ti dàgbà kọjá ibi tí wọ́n ti ń sọ pé obìnrin ni tàbí ọkùnrin, òun sì ni gbogbo ìlú ń bẹ̀rù. Tí ọmọ yín bá fẹ́ rí obìnrin tí ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn án, ó pọ̀ lórí YouTube, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọ̀sán ló máa rí jù, wọn kì í sábà gbé kámẹ́rà sí ti òru.

Bàbá ọmọ wá dà? Ẹ bá mi kí i fún ìbéèrè yẹn. Nínú ère abiyamọ, bàbá kì í sábà sí níbẹ̀, ìyá àti ọmọ àti òrìṣà lọ̀rọ̀ kàn. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí ọkọ àti aya pọ̀, ẹ wo ẹni tó ga jù. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ọ̀gá gbogbo wọn lójú tèmi, gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, ọ̀kan nínú ẹ̀ wà ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, adé ńlá wà lórí ẹ̀, ẹyẹ bà sórí adé. Lẹ́yìn ẹ̀ ni olorì àgbà dúró sí, ọwọ́ ẹ̀ wà lára àga, ó ga fíofío ju ọba lọ, ọmú ẹ̀ yọ síta, òun gan-an ni ẹrù òrùlé ààfin wà lórí ẹ̀. Òun ló ń fi adé dé ọba lórí. Obìnrin kékeré kan náà wà níwájú ọba lórí ìkúnlẹ̀ o, mi ò ní fi pamọ́ fún yín, ìyẹn kékeré débi pé orúnkún ọba ni orí ẹ̀ ò tiẹ̀ kọjá púpọ̀. Igi kan náà, obìnrin méjì, ipò méjì. Nínú ilé Yorùbá bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn, aya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kúnlẹ̀, ìyálé ti dúró, nǹkan tó sì gbé e dúró ni ọmọ, ọjọ́ orí àti oyè.

Ohun kan tó máa jọ ọmọ yín lójú ni bí Yemọja ṣe dà ní Brazil. Lọ́dọ̀ wa nílé, ìyá ńlá olọ́mú ràbàtà ni, ọmọ yí i ká. Ẹ lọ wo Iemanjá tí wọ́n ń tà láwòrán ní Salvador tó bá di 2 February tí wọ́n ń kó òdòdó àti lọ́fínńdà lọ sókun: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, awọ ara ẹ̀ pupa ràrà bíi ti òyìnbó, irun gígùn tó tò dé ìdí, gáùn búlúù tó fún mọ́ ọn lára. Kò sí ọmọ kankan nítòsí, ìyá ti di ọmọge etí òkun. Àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ ti ń bá wọn fà á, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ dúdú pẹ̀lú ọmú ńlá padà. Ní Cuba ẹ̀wẹ̀, Màríà ti Regla ni wọ́n fi ń bọ Yemọja, Màríà yẹn dúdú, ọmọ tó gbé lọ́wọ́ funfun. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni wọ́n rí níbẹ̀, ọ̀kan ní, "Sà, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú ọmọ ọ̀gá." Mi ò lè jiyàn ẹ̀ pátápátá, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní àìmọye ilé nígbà ẹrú.

Èwo ló wá fọ̀wọ̀ wọ obìnrin jù? Tó bá jẹ́ dandan kí n mú ọ̀kan, ti wa ni mo máa mú, torí pé ọmú ibẹ̀ lè gégùn-ún, ti Màríà kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ inú obìnrin tí ò rí ọmọ bí lè má dùn sí èyí tí mo mú yẹn, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n bi.

Lórí ọ̀rọ̀ pálọ̀ yín, ẹ rà á, kò sí nǹkan tó máa ṣe yín. Ère tí wọn ò bọ, igi ni. Àwọn Fádà yín gan-an ti ṣe é rí: láti 1947 sí 1954, Fádà Kevin Carroll àti Fádà O'Mahony kó àwọn agbẹ́gilére jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì kí wọ́n máa gbẹ́ nǹkan ìjọ ní ọ̀nà tiwa, Bándélé ọmọ Àrẹogún wà níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni Làmídì títí tó fi kú ní 2009. Ọba ilẹ̀ Yorùbá tó dádé ni wọ́n fi àwọn amòye tó wá kí Jésù ṣe. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà o. Tí ẹni tó ń tà á bá búra fún yín pé láti ojúbọ ni wọ́n ti gbé e, ẹ fi sílẹ̀ fún un, ó lè jẹ́ pé wọ́n jí i, òfin sì wà pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ gbé ohun àtijọ́ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Tẹ́ ẹ bá sì mọ agbẹ́gilére nílé, ẹ kúkú bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ bó ṣe fẹ́ kí obìnrin yẹn wà, lórí ìdúró ni o, lórí àga ni o. Owó ẹ̀ máa lé díẹ̀, igi tó máa lọ sí i pọ̀ ju ti ẹni tó kúnlẹ̀.